Ìgbà Wo Ló Ń Ṣe É?

Ọkọ̀ kan sùn sílẹ̀ mọ́jú, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ẹni tó ni ín sítáàtì rẹ̀, ó gbọ́ ohun kan tó ń kùn lábẹ́ ọkọ̀, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ fi dìde. Nígbà tó fi máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Upper Iweka ní Onitsha kọjá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọkọ̀ ti dúró ṣánṣán bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Mẹkáníìkì wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Àwọn kan a máa pe irú àìsàn báyìí ní abíkú, nítorí pé ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń gbówó lọ́wọ́ olówó ní gbogbo ìgbà tó bá bọ̀. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Ẹni tó bá ti pe àrùn ọkọ̀ ní abíkú ti gbà pé ohun àìrí ló ń bá òun jà, kò sì ní í béèrè ohun tó yẹ kó béèrè mọ́. Ibà ló yẹ ká fi wé. Àgbà tó mọ ibà kì í kọ́kọ́ béèrè irú àgbo tí aláìsàn ti mu. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, ìgbà wo ló ń dé sí i? Ṣé àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́, ṣé lẹ́yìn òjò ni àbí lẹ́yìn iṣẹ́ oòrùn? Ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ yìí fi yé mi ni pé àbùkù tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lọ síbì kankan. Inú ọkọ̀ ló wà ní gbogbo ìgbà. Ohun tó ń jí i ló ń lọ tó ń bọ̀, ohun tó ń jí i yẹn sì ni iṣẹ́ wa láti wá.

Fún ẹni tí kò tíì bá irú ọkọ̀ yìí pàdé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Sípíríǹgì onírin ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró. Nínú èyí tí à ń sọ, àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gba ipò sípíríǹgì. Ìdí nìyí tí mo fi máa pè é ní ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré kan tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́ ló ń fún afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà á kọ́kọ́ gba inú agolo kan tí èròjà afamimu wà nínú rẹ̀ kọjá, kí ọ̀rinrin lè kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà á dé ọ̀dọ̀ àwọn fáàfù tó ń pín in fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ ń wọn gíga ọkọ̀, ó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, kọ̀ǹpútà yìí ló sì ń pàṣẹ pé kí afẹ́fẹ́ wọlé tàbí kó jáde. Range Rover ti ní irú ẹsẹ̀ yìí láti 1992. Mercedes S-Class tó jáde ní 1998, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí W220, ló sọ orúkọ AIRMATIC di ohun tí ọmọ iṣẹ́ lásán ń pè. Ní ti Lexus GX 470, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí, iwájú rẹ̀ ṣì jẹ́ sípíríǹgì. Gbogbo wọn ló wà ní títì Onitsha, Tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: rọ́bà wọn ti jìyà òtútù ìlú òyìnbó fún ọdún gbọọrọ kó tó wá jìyà oòrùn tiwa.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Onitsha, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdánwò tó le jù fún ohun tí mò ń sọ. Ìlú tí ẹ̀yà ọkọ̀ ti sún mọ́ ọwọ́ tó báyẹn kò pọ̀. Ọjà Mgbuka tó wà ní Obosi kún fún ẹ̀yà Tòkunbọ̀. Ti Nkpor kún fún tuntun. Nnewi tó jẹ́ olú ìlú ìṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa kò jìnnà, níbi tí ilé iṣẹ́ Innoson ti ń to ọkọ̀ láti 2010. Àwọn tó ń tajà ní Ládípọ̀ ní Mushin nílùú Èkó mọ̀ bí okùn òwò yẹn ṣe gùn tó. Ẹni tí ọjà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ní kí ọmọ iṣẹ́ sáré lọ ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ wá ká fi dán an wò. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ náà sì ń dá kún un. Etí Odò Ọya ni ìlú náà wà, ọ̀rinrin kì í jìnnà sí i. Òjò ń rọ̀ gan-an lápá kan ọdún, ọyẹ́ sì ń kó eruku bo gbogbo nǹkan lápá kejì. Omíyalé 2012 àti ti 2022 bo ọ̀pọ̀ ilé àti ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní Ogbaru àti àyíká rẹ̀. Ọkọ̀ tí omi wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà náà lè gbẹ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tà á, kí ìpẹtà sì máa jẹ orí wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó fọhùn.

Jíjò ló wọ́pọ̀ jù nínú àbùkù ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́, òun náà sì ni wọ́n máa ń ṣì mọ̀ jù. Àpò rọ́bà yìí kì í dúró gbagidi bíi táyà. Ó ká lé ara rẹ̀ bí apá ṣẹ́ẹ̀tì tí a ká sókè, ibi tó ti ká sì ń yí padà bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Bí rọ́bà bá gbó, ojú ìká yẹn ló máa kọ́kọ́ sán. Sísán kan wà tó máa ń la ẹnu nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní gíga kan, tí yóò sì pa ẹnu dé bí ọkọ̀ bá gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì péré. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè wà ní àgbàlá mẹkáníìkì látàárọ̀ dalẹ́ láìjò, kó sì sùn sílẹ̀ nílé olówó rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Omi ọṣẹ tí a wọ́n sí i ní gíga kan ṣoṣo kò tíì sọ òtítọ́ tán. A ní láti wọ́n ọn nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, nígbà tó wà láàárín, àti nígbà tó ga tán, ká sì ní sùúrù láti wo ìfófòó tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Kí n tètè sọ èyí o: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nawọ́ sábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi irin ìdúró gbé e. Ọkọ̀ tó lè sùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè sùn lé èèyàn lórí.

Àwọn kan á ní kò jò, òtútù òru ló fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ òótọ́ tó ní ìwọ̀n ni, a sì lè ṣírò rẹ̀. Ká ní afẹ́fẹ́ inú àpò gbóná dé 57 lórí òṣùwọ̀n Celsius lẹ́yìn ìrìn ọ̀sán, tó sì tutù dé 24 mọ́jú. Bí onímọ̀ físíìsì bá ń ka ooru láti ìpìlẹ̀ pátápátá, 330 ni ti àkọ́kọ́, 297 ni ti èkejì. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ náà yóò fún pọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tí ìdá kan nínú mẹ́wàá lè ṣe fún ọkọ̀ ni kó lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Kò lè mú kí mọ́gáàdì gùn lé táyà. Ọkọ̀ tó bá rẹlẹ̀ díẹ̀ lásìkò ọyẹ́, tó sì ń dìde kíá lówùúrọ̀, ara rẹ̀ lè dá ṣáká. Èyí tó bá kanlẹ̀ ti jò, tàbí kó jẹ́ pé ohun kan tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín jíjò àti títú sílẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, iye àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì tó nǹkan. Àwọn ọkọ̀ kan wà, pàápàá ìdílé Land Rover, tí kì í sùn tán. Lẹ́yìn tí olówó bá ti tì í pa, brain box á máa jí lóòrèkóòrè, á wo gíga ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá rí i pé ọ̀kan ti rẹlẹ̀, á rẹ àwọn yòókù sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ń jò lè mú kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sùn sílẹ̀ mọ́jú. Olówó á wò ó láàárọ̀, á ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bàjẹ́. Àpò mẹ́rin ni wọn yóò sì rà nígbà tí ọ̀kan tó. Ọ̀nà àbáyọ kò gbówó lórí: téèpù tí télọ̀ ń lò ti tó. Ká wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti àárín gbùngbùn róòmù dé etí mọ́gáàdì tó wà lókè rẹ̀, kí gíga táyà má bàa da ìṣirò rú. Ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ká wá yọ fíúsì ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́, kí brain box má lè ṣe ohunkóhun lóru, ká sì tún wọn wọ́n láàárọ̀. Ẹsẹ̀ tó bá lọ sílẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ tó ń jò. Bó bá jẹ́ méjì tó wà ní iwájú ló lọ sílẹ̀ bákan náà, ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ni ká kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn àwọn fáàfù àti páìpù tó so mọ́ wọn, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí rọ́bà méjì sán lọ́jọ́ kan náà ní ìwọ̀n kan náà. Bí ọkọ̀ tó ń sùn sílẹ̀ lálaalẹ́ kò bá wá lọ sílẹ̀ rárá lẹ́yìn tí a yọ fíúsì, afẹ́fẹ́ kò jò níbì kankan. Brain box ló ń tú u sílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kan ló ń parọ́ fún un. Wo bí òru kan àti téèpù kan ṣe pín ọ̀nà sí mẹ́ta, tí kò sí ẹni tó tíì ná kọ́bọ̀ sórí ẹ̀yà.

Iná bátìrì ni ibi tí àwọn ọ̀jáfáfá gan-an ti ń ṣìnà, nítorí pé mítà tí kò bàjẹ́ lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ọ̀jẹun ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ yìí. Ó lè máa fa ju ámpíà 20 lọ bó bá ń ṣiṣẹ́. Ká ní orí wáyà kan ti dípẹtà, tí ìdíwọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá óòmù. Bí rìwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, bá wọn ibẹ̀ nígbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ kò ṣiṣẹ́, fóltì 12.6 tó pé pérépéré ni yóò rí, yóò sì sọ pé iná dé ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ámpíà 20 bá fẹ́ gba ojú ìpẹtà yẹn kọjá, fóltì 4 ni yóò ṣòfò síbẹ̀, tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ yóò sì máa fi fóltì 8.6 ṣe iṣẹ́ 12. Fóltì tó ṣòfò náà kò pòórá: ooru ló dà, ó tó wáàtì 80 lójú kan, ó ju ti gílóòbù wáàtì 60 tí a ń lò nílé láyé ijọ́un lọ. Ìdí nìyí tí rọ́bà orí wáyà fi ń dúdú. Bó bá gbóná, ó ń burú sí i. Bó bá tutù, ó tún lè mú ara rẹ̀ padà. Ọkọ̀ yóò ṣe dáadáa láàárọ̀, yóò kọsẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán, yóò sì tún gbádùn nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ká tó wọn ún, ká sì fi ẹnu mítà méjèèjì há ojú ìsopọ̀ náà láàárín. Bí iye tí a rí lójú kan bá ju ìdajì fóltì lọ, a ti rí ohun tí à ń wá. Rìlé, ìyẹn ohun tó ń so iná mọ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó sì ń já a, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ojú rẹ̀ a jóná, nígbà míì kò ní í mú, nígbà míì yóò mú kò sì ní í jáwọ́, kọ̀mpírẹ́sọ̀ yóò wá máa sáré títí yóò fi jó. Owó rìlé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọ̀mpírẹ́sọ̀; kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun sábẹ́ rìlé àtijọ́.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, òun ni wọ́n pa. Òun kọ́ ló pààyàn. Àpò tó ń jò díẹ̀díẹ̀ ló ń mú kó ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, mẹ́rin. Bó bá ti gbóná jù, kọ̀ǹpútà yóò dá a dúró kó lè sinmi, iná pupa tàbí ti ọsàn yóò tàn lójú awakọ̀. Bó bá tutù, iná yóò kú. Bí oníbàárà bá sọ pé iná náà ń tàn lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gígùn, tó sì ń kú lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá sinmi, ó ti sọ fún wa pé ẹ̀rọ kan ń ṣe àṣekúdórógbó níbì kan. Bí a bá pààrọ̀ ẹ̀rọ náà láìwá ohun tó ń lò ó pa, a kàn fi ọmọ tuntun sábẹ́ ẹrù kan náà ni. Agolo tó ń fa ọ̀rinrin náà kò gbọdọ̀ fò wá ru. Wọ́n ṣe é kó máa gbẹ ara rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jáde padà gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ní ìlú etí odò lásìkò òjò, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń jò, afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé lemọ́lemọ́ nígbà tí èyí tó ń jáde padà gba inú agolo kò tó nǹkan, torí pé ibi tó jò ló ń gbà sá lọ. Èròjà inú rẹ̀ yóò rin gbingbin, yóò fọ́ di lẹ́búlẹ́bú, ìyẹ̀fun funfun náà yóò sì gba páìpù lọ jókòó sẹ́nu fáàfù. Lọ́jọ́ kan, hóró kan yóò há sẹ́nu ìdérí fáàfù, afẹ́fẹ́ yóò sì máa jáde. Lọ́jọ́ kejì, ìfẹ́ afẹ́fẹ́ mìíràn yóò gbá a kúrò, fáàfù yóò sì pa dé. Kò sí abíkú tó fara jọ abíkú ju èyí lọ, síbẹ̀ ìyẹ̀fun lásán ni. Ẹni tó bá tú páìpù kan wò, tó sì rí funfun lẹ́nu rẹ̀, kó má tíì lọ ra fáàfù. Kó kọ́kọ́ tọpa ìyẹ̀fun náà dé orísun rẹ̀.

Ní ti sẹ́ńsọ̀ gíga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ibi tí apá rẹ̀ ń dúró sí jù lọ láti ọdún yìí wá ni ibi tó máa ń jẹ jù, gíga tí ọkọ̀ ń rìn lójoojúmọ́ nìyẹn. Kí ẹnì kan máa rọra gbé apá náà sókè sódò, kí ẹlòmíràn máa wo iye tó ń jáde lójú sikánà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box ń sọ. Ó yẹ kó máa gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá fò lójijì níbì kan, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Irú rẹ̀ ni yóò máa tan iná lójú gbágungbàgun, tí kò sì ní í ṣe bẹ́ẹ̀ lórí afárá kejì tó sọdá Odò Ọya, tó tẹ́jú dáadáa. Ẹ má sì gbàgbé ilẹ̀kùn. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kì í gbà láti sọ̀kalẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀. Bí bọ́tìnì tó ń sọ pé ilẹ̀kùn ti tì bá ń ṣe ségesège, ẹsẹ̀ ni yóò jẹ ẹ̀bi rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ yóò ní, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún nígbà tí sikánà wà? Mo fẹ́ràn sikánà, mi ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Àmọ́ kóòdù jẹ́ ẹlẹ́rìí, kì í ṣe adájọ́. Lára Land Rover, kóòdù C1A20 ń sọ pé ìfúnpá ń pẹ́ jù kó tó gòkè nígbà tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sínú ìgò tí ọkọ̀ náà fi ń pa afẹ́fẹ́ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò sọ ẹni tó fà á. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ti rẹ̀ lè fà á, páìpù tó ń jò lè fà á, bátìrì tó lọ sílẹ̀, orí wáyà tó dípẹtà, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ ti dí, gbogbo wọn ló lè mú kóòdù kan náà jáde. Ẹni tó bá ka kóòdù, tó sì sáré lọ sí Mgbuka, ti gba ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kan, ó sì ti dájọ́. Ohun tó wúlò jù lójú sikánà kì í ṣe kóòdù gan-an. Ìgbà tí kóòdù náà wọlé ni: ọkọ̀ ń rìn àbí ó dúró, fóltì mélòó ló wà nígbà náà, báwo ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ ṣe gbóná tó. Bí ọkọ̀ bá tọ́jú ìyẹn pamọ́, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó fọwọ́ kan bọ́tìnì tó ń pa kóòdù rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ló ti bá bọ́tìnì yẹn lọ.

Àtakò tó wúwo jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní: ẹ̀yà Tòkunbọ̀ kò wọ́n lọ́dọ̀ wa, ọjà sún mọ́ wa, ẹ jẹ́ ká fi pààrọ̀ dán an wò, bí àìsàn bá lọ, a ti rí i. Bó bá jẹ́ àìsàn tó wà lójúkorojú ni, mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, kí ni a ó fi mọ̀ pé ó ti lọ? Ká ní a kò mọ ohun tó ń jí i, tó sì dà bíi pé ó ń yọjú lọ́jọ́ kan nínú mẹ́rin. Bí a kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun, ìdá 42 nínú 100 ni ó fi ṣeé ṣe kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá láìjẹ́ pé ó yọjú. Ìdajì kù díẹ̀ nìyẹn! Ọ̀gá yóò gba owó, oníbàárà yóò dúpẹ́, ọmọ iṣẹ́ yóò sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe òótọ́, tí yóò sì máa gbé lọ títí di ọjọ́ tí òun náà yóò ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó di ọjọ́ 11 tí kò bá yọjú rárá kí ṣíṣèèṣì tó lọ sílẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Ta ló ń dúró ọjọ́ 11? Ẹ̀yà Tòkunbọ̀ náà sì ní ìtàn tirẹ̀ tí a kò mọ̀. Ohun kan tó ń ṣe wá ní kàyéfì la ní tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ aláìmọ̀ kan kún un, wọ́n ti di méjì.

Ibí yìí ni ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti ń san owó ara rẹ̀ padà. Bí a bá ti mọ̀ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́, ní gíga báyìí, láti alẹ́ dòwúrọ̀, ni ó máa ń sùn sílẹ̀, a kò nílò ọjọ́ 11 mọ́. A ó gbé e sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́ náà, ní gíga náà, fún òru kan. Bí ó bá ti ń ṣe é lálaalẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì ṣe é lẹ́yìn àtúnṣe, ó tó ẹ̀rí. Ẹ̀yin tó ní pé oníbàárà kò lè dúró, pé ó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa: òru tí ọkọ̀ náà yóò sùn nílé tẹ́lẹ̀ ni mò ń tọrọ. Oníbàárà fúnra rẹ̀ lè fi téèpù wọn ún kó tó wọlé lọ jẹun, kó sì tún wọn ún kó tó wẹ̀ láàárọ̀. Ó lè fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń gbàgbé pé òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tí à ń wá ń ṣẹlẹ̀. Bó bá dé, tó sì sọ pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́, tí ọ̀gá dá a lóhùn pé "kò sóhun tó ṣe é o, mo ti wò ó," ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní ni ó lé lọ yẹn.

Ó ku àwọn tó ní ká yọ afẹ́fẹ́ kúrò pátápátá, ká fi sípíríǹgì onírin sí i, ká bọ́ nínú wàhálà. Mi ò ní bá wọn jà bí mo ṣe bá orúkọ abíkú jà, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí wọ́n jàre. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún, tí owó àpò mẹ́rin àti kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ fẹ́ tó ìdajì iye tí wọ́n lè ta á, sípíríǹgì lè jẹ́ ọgbọ́n fún olówó rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí á lo sípíríǹgì bí ẹni tó ń sá fún ìbéèrè. Bó bá jẹ́ pé orí wáyà tó dípẹtà tàbí ìsopọ̀ bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ tó ti tú ló ń dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, sípíríǹgì kò wo ìyẹn sàn. Àìsàn iná náà ṣì wà níbẹ̀, yóò sì wá ẹ̀rọ mìíràn tí yóò yọ lẹ́nu. Brain box tí kò rí ẹsẹ̀ tó ń darí mọ́ yóò máa tan iná ìkìlọ̀ lójoojúmọ́ bí a kò bá tún un ṣe fún ìyẹn, awakọ̀ yóò sì kọ́ láti má wo iná ìkìlọ̀ mọ́, èyí tó burú ju ẹsẹ̀ tó ń jò lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é.

Ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ rí lápò gbogbo ọmọ iṣẹ́ ní Nkpor, ní Ládípọ̀, níbikíbi tí ọkọ̀ wọ̀nyí bá ń dé. Ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn Ígbò lágbára. Ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà di olówó. Àmọ́ etí àti ọwọ́ ni ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa, àbùkù tó bá sì fara pa mọ́ nígbà tí ọ̀gá ń fi etí gbọ́, tó ń fi ọwọ́ kàn, kò ní ibi tí yóò kọ ara rẹ̀ sí. Kí ọmọ iṣẹ́ kọ orúkọ ọkọ̀, kó kọ aago, kó kọ bóyá òjò rọ̀, kó kọ ibi tí ọkọ̀ sùn àti gíga ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lálẹ́ àti láàárọ̀, kó kọ fóltì tó wà nígbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ti kọjá sínú ìwé bẹ́ẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tó jọra. Nígbà tí ìkọkànlá bá sì wọlé, tí ẹni tó ni ín sọ pé, "Ọ̀gá, ó tún ti ṣe é o," yóò fa báírò rẹ̀ yọ kó tó wo abẹ́ ọkọ̀.